Káàdì bésíbọ́ọ̀lù kún yàrá abẹ́ ilé wa: ṣé ká tà á ni, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Maryland la wà. Ọkọ mi ti ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù, ìyẹn káàdì pelebe tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù, jọ láti ìgbà tó wà nílé-ìwé girama níbí, ní nǹkan bí 1988, kò sì tíì dáwọ́ dúró di òní. Yàrá abẹ́ ilé wa ò ṣeé wọ̀ mọ́, páálí lórí páálí. Lọ́dún tí wọ́n ta káàdì kan ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là, ó pè mí wá wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ṣé o rí i? Tiwa náà ń bọ̀." Àwọn ìbejì ń wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀, owó ò sì sí nílẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ká tà á kíá. Àwọn kan ní ogún àwọn ọmọ ni, ká má fọwọ́ kàn án. Àbígbẹ̀yìn wa náà ti ń gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi ra páàkì káàdì tuntun, tí kò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

---

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Àwọn òǹkàwé míì náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yín, wọ́n sì ní ìbéèrè tiwọn; màá fi ti gbogbo yín kún un bí mo ṣe ń lọ. Ká tó sọ̀rọ̀ títà tàbí àìtà, ẹ gbé káàdì mélòó kan jáde láti inú páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Ẹ ó rí ọdún níbẹ̀. Ọdún yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ ní fún yín.

Tó bá jẹ́ 1988 ni Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, àárín ìgbà tí wọ́n tẹ káàdì kọjá ààlà ló bọ́ sí. Láti 1956 tí Topps, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, ti ra Bowman, orogún rẹ̀, Topps nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọjà náà ní. Ilé-iṣẹ́ míì, Fleer, gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá Fleer láre ní 1980. Ní 1981, Fleer àti Donruss ti ń ta tiwọn. Score dé ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Ìròyìn sì ti gbòde nígbà náà pé káàdì àtijọ́ ti ń di owó ńlá, ni tọmọdé tàgbà bá ń ra, wọ́n ń fi ọ̀rá wé e, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ọ̀la. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tí gbogbo ilé ti ní, ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ ta? Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yanṣẹ́ lódì ní oṣù kẹjọ 1994, tí wọn ò fi lè gbá World Series, àṣekágbá ọdún náà, ọ̀pọ̀ èèyàn bínú kúrò nídìí eré náà, ọjà káàdì sì tún wálẹ̀ sí i.

Bó ṣe rí ni mo ń sọ yìí: páálí káàdì 1988 sí 1993 kò lè san owó yunifásítì ẹnì kan, áńbọ̀sì ti ìbejì. Oníṣòwò míì ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, torí kò ríbi kó o sí.

Àwọn kan wà tó yàtọ̀ níbẹ̀ o. Kí Bàbá Ìbejì wá Ken Griffey Jr. ti Upper Deck 1989, nọ́ńbà 1. Kó tún wo Frank Thomas ti Topps 1990, nọ́ńbà 414: tí wọn ò bá tẹ orúkọ rẹ̀ síwájú káàdì náà, kó jókòó, kó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì jáde bẹ́ẹ̀.

---

Mo rí i pé káàdì mílíọ̀nù 12.6 yẹn ni gbogbo yín ń tọ́ka sí. Kí ẹ tó fi wé ti inú ilé yín, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù New York Yankees, ni, Topps 1952, nọ́ńbà 311. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní oṣù kẹjọ 2022. Sy Berger ni òṣìṣẹ́ Topps tó ṣètò káàdì ọdún náà, oríṣi 407 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn, láti 311 lọ, pẹ́ kí wọ́n tó dé ọjà. Bésíbọ́ọ̀lù ọdún náà ti ń parí lọ, ojú àwọn ọmọdé ti kúrò níbẹ̀, káàdì ò tà. Ọdún ń gorí ọdún, káàdì ń gba àyè ní ilé ìkẹ́rùsí, títí Berger fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1960, ó sì dà á sínú òkun Atlantic. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọdé ṣáájú, wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n há a mọ́ wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó lè máa pariwo, àwọn ìyá sì kó èyí tó kù dànù nígbà tí ọmọ dàgbà kúrò nílé.

Pé ìwọ̀nba èèyàn ló tọ́jú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó wọ́n. Ti 1989, gbogbo ayé ló tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "tiwa náà ń bọ̀" kò tíì ro ibẹ̀ yẹn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ èyí: nọ́ńbà 311, 312 àti 313, ìyẹn Mantle, Jackie Robinson àti Bobby Thomson, ìlọ́po méjì ni wọ́n tẹ̀ wọ́n ju àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn káàdì mìíràn wà nínú ọ̀wọ́ kan náà tó ṣọ̀wọ́n ju Mantle lọ tí owó wọn ò sún mọ́ tirẹ̀ rárá. Orúkọ ọkùnrin náà àti bí káàdì kan ṣoṣo yẹn ṣe mọ́ tónítóní ló mú owó wá.

Àwọn kan á tún máa jà pé Bowman 1951, nọ́ńbà 253, ni káàdì Mantle àkọ́kọ́, pé òun ló yẹ kó wọ́n jù. Òótọ́ ni pé òun ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Topps yẹn dáadáa lọ́jọ́ kan: ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé igi lé èjìká, ó gbójú sókè, ojú ọ̀run búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, igi náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi yan ìyẹn láàyò, mi ò sì rò pé wọ́n ṣìnà.

---

Ó ju ẹnì kan lọ tó ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ fún PSA, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ má ṣe é o.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí. Ẹ ó fi káàdì ránṣẹ́. Wọn ó wò ó bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn, bóyá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mú, bóyá etí rẹ̀ ò bó, bóyá ojú rẹ̀ ò họ. Wọn ó fún un ní máàkì láti 1 dé 10, wọn ó wá sé e mọ́ inú ike líle. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń gbowó, kì í ṣe orí páálí. Tí ẹ bá san ogún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí káàdì tí kò tó dọ́là kan, tí kò sì gba 10, ẹ ti pàdánù ogún dọ́là nìyẹn. Ní 2021 gan-an, nígbà tí gbogbo èèyàn jókòó sílé tí wọ́n ń tú páálí àtijọ́, káàdì ya lu PSA débi pé ní ìparí oṣù kẹta wọ́n dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbígbà dúró ná.

Èyí tí mo bá fẹ́ tà nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́, tí mo sì ti rí i pé owó tó máa mú wá fi ìlọ́po púpọ̀ ju owó òṣùwọ̀n lọ. Èyí tí mo fẹ́ máa wò, inú ọ̀rá rẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lórí ike náà gba ojú yín. Káàdì Honus Wagner, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, wà, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní T206, tí wọ́n ń fi sínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911. Wayne Gretzky, agbá họ́kì nnì, àti oníṣòwò Bruce McNall jọ ra ọ̀kan ní 451,000 dọ́là ní 1991. Òun ni káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, 8 ni wọ́n sì fún un. Ní 2013, Bill Mastro, tó ti ta káàdì yẹn tẹ́lẹ̀ rí, jẹ́wọ́ fún kóòtù pé òun gé etí rẹ̀ kó lè dà bí èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn rí. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra káàdì olówó ńlá, kó mú rúlà dání, kó sì fi ojú ara rẹ̀ wo etí káàdì.

Bàbá Ìbejì náà ò gbọ́dọ̀ gé etí, kó má fi omi nù ún, kó má fi ìrésà pa ìlà tó wà lójú rẹ̀ rẹ́. Káàdì tó gbó ní iye tó ń lọ. Èyí tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án.

---

Ẹnì kan ní kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú eré òyìnbó yìí, pé tó bá jẹ́ káàdì Okocha tàbí Kanu ni, òun á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀.

Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú, wọ pápá líìgì ńlá fún ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, 1947. Ṣáájú ìgbà náà, ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ti àwọn aláwọ̀ dúdú síta, líìgì tiwọn ni wọ́n ń gbá, àwọn tó ń tẹ káàdì ní Amẹ́ríkà ò sì kà wọ́n sí. Josh Gibson, akọni kan nínú líìgì aláwọ̀ dúdú, kú ní oṣù kìíní 1947, oṣù mẹ́ta péré kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni tó bá ń wá káàdì rẹ̀, Puerto Rico ni yóò yíjú sí, nínú àwọn káàdì Toleteros tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2024, tí àjọ MLB, tó ń darí líìgì ńlá, da àkọsílẹ̀ líìgì aláwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ tiwọn, Gibson yìí ló wá gba ipò kìíní nínú gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn rí, pẹ̀lú .372, ìyẹn ìdá ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù yege.

Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ọmọ ìyá wa, wà, àwọn onísìgá Billiken tẹ káàdì àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1923 sí 1924. Oscar Charleston wà nínú wọn, aláwọ̀ dúdú ará Indianapolis tí líìgì ńlá ilẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ rò ó wò: ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú akọni yẹn, páálí sìgá ará Kúbà ló máa fi hàn án.

Tí ẹ bá sì ń wá orúkọ tiwa gan-an, ẹ wá Demi Orimoloye. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, Kánádà ló dàgbà sí, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers sì mú un ní 2015. Kò dé líìgì ńlá, torí náà káàdì Bowman rẹ̀ ò wọ́n rárá. Mo ní in. Kò sí iye tí wọ́n máa fún mi tí n óò fi tà á.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbá bọ́ọ̀lù láàárín 1947 sí 1960 ni mo ń kó ní tèmi, mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Hank Aaron ti Topps 1957, nọ́ńbà 20. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí fíìmù rẹ̀ dà, ni Aaron tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a bá di ọlọ́wọ́ òsì, nọ́ńbà 44 tó wà lára aṣọ rẹ̀ sì kọjú sódì. Topps ò tún un ṣe. Tèmi ti ká ní igun kan, ẹnì kan sì ti fi píìnì kàn án mọ́ ògiri rí, ihò rẹ̀ ṣì wà lókè orí Aaron. Ọpẹ́lọpẹ́ ihò yẹn ni mo fi lówó tó láti rà á.

---

Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn wá kù. Ìhà méjì ni àwọn tó dá sí i pín sí. Àwọn kan ní tẹ́tẹ́ ni páàkì rírà, kí ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ kí ọmọ jayé orí rẹ̀, kò ṣáà lọ mugbó.

Àwọn àkọ́kọ́ ni mo gbè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn dé ibi pé kí ọmọ má kó káàdì mọ́. Ẹ yí páàkì kan sẹ́yìn kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀: wọ́n kọ ọ́ pé káàdì báyìí, ọ̀kan nínú páàkì báyìí-báyìí. Ẹni tó ń ra páàkì torí káàdì kan pàtó ń ta tẹ́tẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ṣingọ́ọ̀mù ṣì wà nínú páàkì, ọmọdé ní nǹkan jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Topps ti yọ ìyẹn kúrò. Àgbàlagbà gan-an ń ṣìwà hù nídìí rẹ̀: ní oṣù karùn-ún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níta ṣọ́ọ̀bù Target kan ní Brookfield, Wisconsin, lórí káàdì, Target sì dá títà rẹ̀ dúró nínú ṣọ́ọ̀bù fúngbà díẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ra páálí, á ta ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan, á wá máa já páàkì lójú kámẹ́rà. Ẹ lè sanwó kí ẹ má rí káàdì kan ṣoṣo gbà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ṣáà wà ní Maryland, ẹgbẹ́ Baltimore Orioles wà nítòsí yín. Kí ọmọ mú Orioles. Owó tó ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bá a kó o jọ di oṣù, kó fi ra káàdì agbábọ́ọ̀lù tó wù ú ní ẹyọ ẹyọ, tàbí kó ra odindi ọ̀wọ́ ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí bàbá rẹ̀ bá a tò ó ní nọ́ńbà-nọ́ńbà lórí tábìlì. Ibẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ eré náà: á ka ẹ̀yìn káàdì, á mọ ìlú tí wọ́n ti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, á máa ṣírò .300 àti .250. Páàkì jíjá kò kọ́ ọmọ ní ìkankan nínú ìyẹn.

---

Ẹ tún bi mí bóyá ó bójú mu kí àgbàlagbà máa ṣe é títí dọjọ́ ogbó. Jefferson Burdick ṣe é. Ará Syracuse ní New York ni, òṣìṣẹ́ lásán ni, kò níyàwó, kò bímọ, àrùn oríkèé sì ń dà á láàmú. Ohun tó kó jọ lé ní 300,000, ó ju 30,000 nínú rẹ̀ lọ tó jẹ́ káàdì bésíbọ́ọ̀lù. Òun ló ṣe ìwé tí orúkọ "T206" ti jáde. Kò tà wọ́n. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Metropolitan Museum of Art ní New York, ó sì ń fi ọwọ́ tó ń dùn ún lẹ̀ wọ́n mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kìíní 1963 ló parí rẹ̀. Oṣù kẹta ló kú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé èrè owó nìkan ni wọ́n fi ń kó káàdì, kó ka ìtàn ọkùnrin yẹn.

Álíbọ́ọ̀mù lílẹ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ má fi kọ́ṣe. Gọ́ọ̀mù ń ba káàdì jẹ́. Rọ́bà náà ń ba etí rẹ̀ jẹ́, oòrùn ń ṣá àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni yàrá abẹ́ ilé. Ọ̀rinrin ń mú káàdì ká, ọjọ́ kan ṣoṣo tí páìpù bá bẹ́, ó parí. Ẹ gbé páálí kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lónìí, kí ẹ tó wá pinnu ohunkóhun.

---

Lórí títà: Ìyá Ìbejì, ẹ má tà á lẹ́yìn ọkọ yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti sọ ọ́ sí yín létí. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ pín in. Èyí tó fẹ́ràn tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, kó gbé e sọ́tọ̀. Èyí tó lè mówó wá, bí Griffey yẹn tàbí káàdì èyíkéyìí tó ṣáájú 1970, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ tà ní gbàǹjo láìpẹ́ yìí, ẹ má wo iye tí ẹni tó ń tà á kọ síbẹ̀. Èyí tó kù, tó máa pọ̀ jù, ẹ ta á ní páálí tàbí kí ẹ fún ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ọmọdé tó bá fẹ́ ẹ.

Oníṣòwò ò ní san iye tó fẹ́ tà á fún yín, ó kéré púpọ̀ sí i, torí òun náà fẹ́ jèrè. Gbàǹjo máa ń mú owó tó jù ú wá, àmọ́ ó ń pẹ́, wọ́n sì ń yọ tiwọn. Tí ẹ bá jèrè lórí káàdì tó ti lé ní ọdún kan lọ́wọ́ yín, ìjọba àpapọ̀ lè gba owó orí tó tó ìdá 28 nínú 100 èrè náà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Kí Bàbá Ìbejì sì kọ ohun tó bá kù sínú ìwé kan: ọdún, ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà, iye tó rà á, ibi tó wà. Mo ti rí opó tó ta káàdì ọkọ rẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un èwo ni èwo.

---

Ẹni tó béèrè nípa ìnṣọ́ránsì: ìnṣọ́ránsì ilé lásán sábà máa ń fi òdiwọ̀n sí ohun tí wọ́n máa san lórí irú nǹkan báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ tó bá jẹ́ omi àgbàrá ló wọlé. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n ka ibẹ̀ fún yín. Tí iye káàdì tí ẹ yà sọ́tọ̀ bá ju òdiwọ̀n náà lọ, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kó nǹkan jọ lọ́tọ̀. Wọ́n máa béèrè ìwé àkọsílẹ̀ yẹn àti fọ́tò iwájú òun ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ ya á kí ẹ tó pè.